Orúkọ Tó Ń Gba Owó

Aago mẹ́rin òwúrọ̀ ni òdòdó máa ń wọ Madurai,
nínú àpò tútù, lórí ọkọ̀ tí kò tíì pa iná ojú rẹ̀.
Mo ra kílò méjì. Mo jókòó. Mò ń so ó,
ìrudi méjì sọ́tùn-ún, méjì sósì, okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárín,
títí yóò fi gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan.
Ìgbọ̀nwọ́ tèmi ni o: láti ìgúnpá dé orí ìka àárín.
Tìrẹ gùn jù. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ nítorí rẹ̀,
èmi ń bá ọ jà nítorí rẹ̀.

Ìwọ lo lẹ bébà náà mọ́ òpó àtíbàbà,
dúdú-funfun, bí ìwé tí ikán jẹ kù.
Mo ní, “Sudalaimuthu, ta ni yóò yọ fóònù
nítorí òdòdó ogún rúpì?”
O rẹ́rìn-ín. O lọ gba àpótí kékeré tí ń ké owó síta.
Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ iléèwé kan na fóònù sí bébà,
àpótí sì fi èdè wa kígbe: Ẹ ti gba ogún rúpì!
Ewúrẹ́ Pechiyamma já okùn, ó sá.

Láti ìgbà náà ni owó kò ti kan ọwọ́ mọ́.
Ẹ̀yìn ni mo tó mọ ohun tó bá a lọ:
ẹyọ rúpì márùn-ún tí mo máa ń so sétí sárì,
tí ìwọ kò mọ̀, tí olówó èlé kò mọ̀,
òun ni mo fi ń ra ẹyin, òun ni mo fi ra bàtà ọmọ.
Àpótí kò mọ àṣírí. Ohun tó bá gbọ́ ló ń rò.
Velusami olówó èlé jókòó sọ́dọ̀ alátíì lódìkejì,
ó ń fi ìka ka iye tí mo tà,
ó dìde wá nírọ̀lẹ́, iye náà gan-an lẹ́nu rẹ̀.
Mo da aṣọ tútù bo àpótí.
Ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ
bí ìyàwó tí inú ń bí.

Nígbà òjò, àyà rẹ dáṣẹ́ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ọsibítù.
Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, mo padà sídìí òdòdó.
Obìnrin àkọ́kọ́ gbé fóònù sókè, ó ka ojú rẹ̀,
ó ní, “Sudalaimuthu, àbí?”

Èmi tí n kì í fi òdòdó sírun mọ́,
tí mò ń so ó fún orí ẹlòmíì,
mo ní, “Òun ni.”

Wọ́n ní òkú kò mọ iye a rágọ̀.
Òkú tèmi ń gba owó. Bí ogójì ìgbà lóòjọ́
ni àwọn àjèjì ń pe orúkọ rẹ sí mi létí,
tí mo sì ń dá wọn lóhùn pé o wà.

Esakki ọmọ wa ní a gbọ́dọ̀ lọ sí báńkì
pẹ̀lú ìwé ikú, àwòrán méjì, àti àtàǹpàkò mi.
Ó ní bí wọ́n bá kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì,
wọn yóò tì í pa, àti owó àti orúkọ.
Òótọ́ ni. Ohun tí ìwọ náà ìbá sọ nìyẹn.
Mo gba fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ mi sórí ìlà kejì.
Ọdún mélòó ni n kò ti kọ ọ́ síbì kankan?
Mo ṣẹ́ ẹ po, mo kì í bọ abẹ́ ẹní.
Esakki ní ọ̀la ni.

Lánàá òjò dé, gbogbo fóònù fọ́jú.
Ọkùnrin kan na ogún rúpì tó ti rin sí mi,
owó oníbébà, tó ń rùn bí inú àpò.
Ọwọ́ mi ti so ó sétí sárì kí n tó mọ̀.
Àpótí dákẹ́. Velusami ń wò ó lẹ́nu.
Mo wọn òdòdó ọkùnrin náà, mo dé orí ìka,
mo sì jẹ́ kó gùn díẹ̀ sí i,
dé ibi tí ìka tìrẹ ìbá ti dá a dúró.